Ẹ Jẹ́ Kí Àpò Náà Máa Kún

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Láti kíláàsì kékeré la ti ń kọ òwe yìí sínú àròkọ, tí olùkọ́ sì ń fún wa ní máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí géèmù sì ti bẹ̀rẹ̀, òwe náà a fò lọ kúrò lórí wa. A ó máa já ewé tí a ò nílò, a ó máa po oògùn tí a ò ní í mu, a ó sì máa bínú bí géèmù bá sọ fún wa pé àpò ti kún. Èmi lòdì sí ìwà yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: nínú géèmù tí a ti ń po oògùn, ìwọ̀n ló ń sọ oògùn di oògùn. Ẹ mú ìwọ̀n kúrò lára àpò, ẹ mú un kúrò lára ẹni tó ń mu ún, ẹ mú un kúrò lára àkókò, omi aláwọ̀ lásán ló kù nínú ìgò yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wa ń ṣe géèmù kékeré kan pẹ̀lú Scratch, ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwa ọmọdé fi ń to àṣẹ lé ara wọn bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Nínú géèmù wa, ọmọ ọdẹ kan ń wọ igbó lọ wá ewé, egbò àti èèpo igi. Ó ń fi wọ́n po oògùn, oògùn yẹn ló sì fi ń kojú àwọn iwin tó dí ọ̀nà oko ìlú rẹ̀. Àpò rẹ̀ ń gba ohun 12 péré. Ní táàmù tó kọjá, àwọn kan nínú wa dábàá pé kí á yọ 12 yẹn kúrò, kí àpò ọmọ ọdẹ máa gba gbogbo ohun tó bá rí. Wọ́n ní àpò tó ń kún ń dá ènìyàn lágara. Wọ́n ní bí àwọn géèmù ńlá ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n sì fi Skyrim ṣe ẹlẹ́rìí. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, mo fẹ́ bi ẹlẹ́rìí wọn léèrè ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí yóò ka ìwé yìí kò gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà gbé Skyrim jáde. Ilẹ̀ olótùútù kan tí àwọn tó ṣe géèmù náà fi ọpọlọ dá ni Skyrim, ó kún fún òkè, yìnyín, dírágónì àti òmìrán. Ẹni tó ń gbá a lè ya jagunjagun, ó lè ya olè, ó lè ya oṣó. Èyí tó wù kó yà, yóò máa kọjá lára òdòdó, olú, àlìkámà, aáyù, iyọ̀, afárá oyin àti ìyẹ́ labalábá, gbogbo wọn ló sì lè kó sínú àpò. Ohun kọ̀ọ̀kan ní agbára 4 nínú, ṣùgbọ́n wọ́n fara pamọ́. Bí a bá jẹ ẹ́, agbára àkọ́kọ́ a fara hàn. Láti mọ èyí tó kù, àfi kí á gbé e dé ibi tábìlì ìpoògùn, kí á pò ó mọ́ ohun mìíràn, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohun méjì bá ní agbára kan náà nínú, oògùn dé nìyẹn. Bí wọn kò bá ní i, ohun méjèèjì ti ṣòfò.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá Skyrim. Mo ti gbá a lórí láàptọ́ọ̀pù ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá gba ìsinmi, ibi ìpoògùn yìí ló sì dùn mọ́ mi jù. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blue Mountain Flower. Bí ẹ bá pò ó mọ́ àlìkámà, ẹ ó rí oògùn tó ń wo ọgbẹ́, tó tún ń fi kún ẹ̀mí ẹni tó mu ún fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá po aáyù mọ́ iyọ̀, ẹ ó rí oògùn tó ń jẹ́ kí agbára idán tètè padà sára. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún yín. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wá a rí. Àwọn àgbà ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Òwe yẹn gan-an ni Skyrim sọ di géèmù: ewé kan ló kù, lọ wá a. Mo kí wọn fún un.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́ kí oògùn ṣòroó wá rí tán, wọ́n sọ mímu rẹ̀ di ohun tí kò ní ìrònú nínú. Ẹ wo àpò ná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ènìyàn lè ru ẹrù tó wọn 300. Ìgò oògùn kan kò wọ̀n ju ìdajì ẹyọ kan lọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: 60 ìgò wọn 30, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a lè rù. Ọ̀pọ̀ ewé tilẹ̀ fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Lórúkọ, àpò náà ní òpin. Ṣùgbọ́n ti oògùn kọ́ ni òpin yẹn. Ìhámọ́ra àti idà ló ń kún un.

Ẹ tún wo àkókò. Nígbà tí òmìrán bá gbé kùmọ̀ sókè láti fọ́ ẹ lórí, tẹ bọ́tìnnì kan, àpò rẹ ṣí, gbogbo ayé sì dúró. Kùmọ̀ dúró ní òkè. Òmìrán dúró bí ère. Ìwọ wá ń ka orúkọ oògùn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, o mu ọ̀kan, o mu méjì, o mu mẹ́wàá bó bá wù ọ́, o pa àpò dé, ara rẹ ti dá ṣáṣá kí kùmọ̀ tó balẹ̀. Kò sí ohun tí ìgò kẹwàá fi burú ju ìgò àkọ́kọ́ lọ. Inú kò run ọ́, ojú kò ṣú ọ. Mo bi yín, kí ni òmìrán náà wà fún? Ta ni yóò bẹ̀rù ẹni tó ń dúró de òun kí òun mu oògùn tán?

Èyí tó burú jù ni pé géèmù náà ń san owó fún àṣejù. Bí ènìyàn bá ṣe ń po oògùn sí i ni ìmọ̀ ìpoògùn rẹ̀ ń gòkè títí tí yóò fi dé 100, oògùn tó níye lórí ló sì ń gbé e gòkè kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn agbágéèmù kì í fi po oògùn nítorí pé ọgbẹ́ wà lára wọn. Wọ́n ń pò ó nítorí nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ mi kan kó oògùn jọ títí tó fi ju 100 ìgò lọ, ó sì parí ìtàn géèmù náà láìmu ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Mo bi í pé kí ló ń tọ́jú wọn dè. Ó ní bóyá ọ̀tá tó le jù ṣì wà níwájú. Ọ̀tá tó le jù ti kú, ó ti jó lórí òkú rẹ̀, oògùn ṣì wà nínú àpò. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́, ẹrù ni. Ẹni tó bá sì ní ọgọ́rùn-ún ìgò kì í ronú lórí ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ṣe Skyrim mọ ìwọ̀n. Májèlé ló jẹ́ kí n mọ̀. Bí o bá fi májèlé pa idà rẹ, ìgbà kan ṣoṣo tí idà bá kan ara ọ̀tá ló ń ṣiṣẹ́, ó ti tán nìyẹn, àfi bí o bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ àrà ọ̀tọ̀ tó ń sọ ọ́ di ìgbà méjì. Nítorí náà ènìyàn a máa rò ó. Ṣé kí n fi í ta ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àbí kí n tọ́jú rẹ̀ de ọ̀gá wọn tó wà nínú? Bí mo bá tafà tí ọfà sì gba ìgbẹ́ lọ ńkọ́? Ìgò májèlé kan ní Skyrim ní ìrònú nínú ju ogún ìgò oògùn ọgbẹ́ lọ, kò sì sí ohun tó fà á ju pé ó ní iye.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa hàn yín. Mo ti ní ìwọ̀n mẹ́ta ló wà: ti àpò, ti ara, ti àkókò. Màá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti àpò, Minecraft tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa ti tó láti fi kọ́gbọ́n. Àpò Minecraft ní ojú 36. Òkúta tàbí iyẹ̀pẹ̀ 64 lè wọ ojú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìgò oògùn kan ń gba ojú kan fún ara rẹ̀. Bí o bá gbé oògùn 10, ojú 10 ti lọ nìyẹn, o ò ní rí ibi kó irin tàbí góòlù tí o tìtorí rẹ̀ wọnú ihò sí. Kí o tó jáde nílé lo ti gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè: níbo ni mò ń lọ? Ṣé iná ni màá bá pàdé, àbí omi? Bó bá jẹ́ iná, gbé oògùn tí kì í jẹ́ kí iná jóni. Bó bá jẹ́ abẹ́ omi, gbé èyí tí ń jẹ́ kí á lè mí lábẹ́ omi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbé bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ṣe ìṣirò yìí láìmọ̀ pé ìṣirò ni. Iṣẹ́ tí 12 wa ń ṣe nínú àpò ọmọ ọdẹ nìyẹn.

Ti ara, ẹ lọ wo The Witcher 3, tí ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ní ilẹ̀ Poland gbé jáde ní ọdún 2015. Inú ìwé ìtàn Andrzej Sapkowski ni wọ́n ti mú akọni rẹ̀, Geralt, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa àwọn abàmì ẹ̀dá fún owó. Oògùn tí Geralt ń mu lágbára, ṣùgbọ́n oró wà nínú wọn. Ìlà àwọ̀ ewé kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn bí oró ṣe ń pọ̀ nínú ara rẹ̀, 100 sì ni òpin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn ọgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Swallow ń fi oró 20 kún un. Irú oògùn mìíràn wà tí wọ́n ń fi ẹ̀yà ara àwọn abàmì ẹ̀dá sè. Ẹyọ kan nínú wọn ń fi 70 kún un. Bí oró bá ti kọjá ibi tí ara lè gbà, ẹ̀mí Geralt a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oògùn kan wà tó ń fọ oró kúrò, White Honey, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ oró ló ń fọ agbára gbogbo oògùn tó ti mu dànù. Ẹ ò rí i bí? Oògùn kan náà tó ń gbà ọ́ là lè pa ọ́. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń ka ìwé nípa abàmì ẹ̀dá tó fẹ́ bá jà kó tó jáde, kó lè mọ oògùn tó yẹ kó gbà láyè nínú ara rẹ̀.

Ti àkókò, Kingdom Come: Deliverance ni màá pè. Àwọn ará Czech ló ṣe é, ó jáde ní ọdún 2018. Kò sí dírágónì níbẹ̀, kò sí idán. Ilẹ̀ Bohemia ní ọdún 1403 ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti rí ìpoògùn tó gbádùn mọ́ mi tó ti ibẹ̀. Ó máa ṣí ìwé ìlànà síwájú rẹ. Wàá da omi, wáìnì, òróró tàbí ọtí líle sínú ìkòkò, bí ìwé bá ṣe sọ. Wàá gún ewé tó yẹ kó di gígún nínú odó kékeré. Wàá fẹ́ ẹwìrì kí iná lè ràn, wàá sì dojú agogo oníyanrìn délẹ̀ láti mọ ìgbà tí ó ti sè tó. Bí o bá kánjú, oògùn bàjẹ́. Bí Henry, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí a ń lò, kò bá tíì kọ́ ìwé kíkà, àwọn lẹ́tà inú ìwé ìlànà yẹn yóò dàrú lójú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn oògùn ibẹ̀, Saviour Schnapps, ni ènìyàn lè mu láti tọ́jú ibi tí géèmù dé, kí ó má baà padà sẹ́yìn bó bá kú. Wáìnì ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú ewé kan tó ń jóni bí èsìsì àti belladonna tó jẹ́ májèlé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ìgò kan yẹn kì í fi í ṣeré. Ó mọ iye rẹ̀ nítorí ó mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tí mò ń bá jà yóò sọ. Wọn yóò ní, “Géèmù mà ni. Ìwé kíkà ti dá wa lágara, ìṣirò ti dá wa lágara, ìgbádùn la wá ṣe, kì í ṣe láti máa ka ewé.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò rẹ̀ sì jẹ́ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ni ayò láti òkè délẹ̀. Àwọn bàbá yẹn ń ka ọmọ ayò, wọ́n ń ṣọ́ ọmọ ayò, wọ́n ń rò ó bóyá kí àwọn jẹ nísinsìnyí tàbí kí àwọn dúró, ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ wá mú àpò ọmọ ayò kan lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sọ pé, “Bàbá, bí wọ́n bá jẹ yín, ẹ máa bu òmíràn kún un.” Wọn yóò lé yín kúrò níbẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ni: bí ọmọ ayò kò bá lè tán, jíjẹ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, ayò ti kú nìyẹn.

Wọn yóò tún ní, “Ìwọ tí o bá fẹ́ ìwọ̀n, wọn ara rẹ. Má mu ju méjì lọ. Fi àwa sílẹ̀ kí a mu tiwa.” Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òdodo, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi àádọ́ta ìgò sínú àpò tí mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé n kò ní í mu wọ́n, ohun tí mò ń ṣe kì í ṣe ọgbọ́n ogun. Ara mi ni mò ń tàn. Bí ikú bá ti fẹ́ mú mi, mo máa mu wọ́n, ta ni kò ní í mu? Nínú eré gidi, òfin kan náà ló so gbogbo wa. Bí mo bá ṣẹ́gun, mo lè sọ fún ẹ bí mo ṣe ṣe é, kí ìwọ náà gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníkálùkù bá ń ṣe òfin tirẹ̀, kí la fẹ́ máa ròyìn fún ara wa?

Èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé kíka ewé àti kíkó o kiri ń di iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Lórí èyí, wọ́n ní ẹjọ́ díẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti wá òdòdó kan náà kiri nígbà tí bátìrì láàptọ́ọ̀pù ń lọ sílẹ̀ tí kò sì sí iná. Ṣùgbọ́n The Witcher 3 ti dá wọn lóhùn. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa wá èròjà Swallow: ewé celandine 5, ọpọlọ abàmì inú omi kan, àti ọtí líle ìgò kan. Lẹ́yìn tí o bá ti pò ó lẹ́ẹ̀kan, bí Geralt bá ti jókòó sinmi pẹ̀lú ọtí líle lọ́wọ́, ìgò oògùn yóò kún padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré lo lè mu ún ní ìbẹ̀rẹ̀ kí o tó tún sinmi, oró rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n mú wàhálà kúrò, wọ́n fi ìwọ̀n sílẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé àfi kí á ya àpò kí ara tó lè tù wá, kò tíì ronú dé ibẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àpò inú kọ̀ǹpútà fi ká mi lára tó báyìí? Ìyá àgbà mi máa ń se àgbo ibà. Èmi ni mo máa ń já ewé dóńgóyárò fún wọn. Bí àgbo bá ti jinná, ife kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí àwọn bu sí i kí ara lè tètè yá, wọ́n á ní, “Ṣé oúnjẹ ni?” Ìbéèrè yẹn péye. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oúnjẹ àti oògùn nìyẹn. Àwọn dókítà náà ń sọ ohun kan náà fún wa: Parasitamọ́ọ̀lù tó ń mú orí fífọ́ lọ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí a bá lò ó kọjá ìwọ̀n. Síbẹ̀, ẹ jókòó fún wákàtí kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oògùn èyíkéyìí ládùúgbò, ẹ ó gbọ́ ẹni tí yóò ní kí wọ́n fún òun ní méjì dípò ọ̀kan kó lè ṣiṣẹ́ kíá.

N kò sọ pé Skyrim ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tí à ń ṣe géèmù nípa ọmọ ọdẹ àti ewé, ní ilẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ṣì ń fi ife wọn oògùn, kò yẹ kí á ṣe géèmù tí kò mọ ohun tí ìyá àgbà mọ̀. Bí a bá fẹ́ dá idà inú géèmù, a máa ń rí i pé idà náà mú. Bí a bá fẹ́ dá ẹṣin, a máa ń jẹ́ kó sáré. Kí ló wá dé tí oògùn nìkan fi máa jẹ́ ohun tí kò dà bí ara rẹ̀?

Àwa ọmọ ibí yìí gan-an kò sì ṣe àjèjì sí ohun tó ní iye. A mọ bí epo jẹnẹrétọ̀ tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì ṣe lè gbé wa dé òpin fíìmù kan. A mọ bí a ṣe ń pín dátà kó lè tó ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá wa ń fi owó díẹ̀ na ọjà tó pọ̀, wọ́n sì ń fi ọgbọ́n inú rẹ̀ yangàn. Ẹni tó bá dá géèmù sílẹ̀ tó sì ń pe ìwọ̀n ní ìyà, ó ń sọ fún wa pé ọgbọ́n tí a fi ń gbé ilé wa kò dùn. Irọ́ ni. Ó dùn. Kò sí ayọ̀ tó dà bí ayọ̀ ẹni tí ìgò kan ṣoṣo kù lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kó mu ún, tó sì mu ún nígbà náà gan-an.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, àbá mẹ́ta ni mo gbé síwájú yín. Àkọ́kọ́, kí àpò ọmọ ọdẹ dúró sí 12. Bí 12 bá kéré jù lójú yín, ẹ jẹ́ kí á dán 15 wò, kí á dán 20 wò, ṣùgbọ́n kí ó ní iye. Èkejì, bí ọmọ ọdẹ bá mu oògùn kejì kí ti àkọ́kọ́ tó dà nínú rẹ̀, kí òòyì kọ́ ọ, kí ojú rẹ̀ ṣú, kí ó rí iwin kan bí méjì. A lè ṣe èyí pẹ̀lú Scratch láàárín ọ̀sán kan. Ẹ̀kẹta, kí iwin má ṣe dúró dè é. Bó bá fẹ́ ṣí àpò, kó kọ́kọ́ wá igi tó máa sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ òpin kúrò, mo fi ìpèníjà kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣe géèmù náà ní ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan ní àpò tó ń kún, kí èkejì ní àpò tí kì í kún. Ẹ gbé méjèèjì fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, kí ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn. Àwọn tó gbá èyí tí àpò rẹ̀ kì í kún yóò sọ iye ewé tí wọ́n kó. Àwọn tó gbá èyí tí àpò rẹ̀ ń kún yóò sọ ewé tí wọ́n jù sílẹ̀ létí odò, ìdí tí wọ́n fi jù ú sílẹ̀, àti bí iwin kẹta ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n nítorí rẹ̀. Ìtàn ni ti àwọn wọ̀nyí. Iye lásán ni ti àwọn tó kù. Ẹ lọ gbọ́ ọ, kí ẹ tó wá dìbò.